Ọ̀nà Ìdìrókò sí Lomé

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ìyá mi to ẹ̀kùrọ́ márùn-ún sórí ẹní láti fi ọ̀nà Lomé hàn mí, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ta àdìrẹ. Ìlaròó, Ìdìrókò, Àjàṣẹ́, Kùtọ́nù, Lomé. Ó ní tí mo bá dé ibodè, kí n bọ́ sílẹ̀, kí n fẹsẹ̀ kọjá, kí n sì wọ ọkọ̀ àwọn ará ọ̀hún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ la orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá gbọ́dọ̀ ní ìwé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọjá, ìwé ara rẹ̀ nìkan ló nílò.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé àìsàn ti dá àbúrò ìyá mi wó ní Lomé, ìyá mi ló sì ń pè ṣáá. Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà tòun ti ẹrù rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, olórí ẹbí, tó dá a dúró.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé a ò lẹ́bí ni? Gbogbo wa la jọ máa wọ ọkọ̀ kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn kì í dúró de ẹbí."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ìwọ tí o máa ń fò láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ bí adìẹ orí ààtàn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. A dúró de àwọn ẹbí wa tó ń gbé ní Òṣíẹ̀lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ní Ìdìrókò, àwọn aṣọ́bodè ní ìwé ọkọ̀ wa kò pé. A jókòó, à ń wo àwọn tó ń fẹsẹ̀ kọjá lọ wọ ọkọ̀ Àjàṣẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ kọjá máa lọ.

"Kí ìwọ ṣíwájú mi débẹ̀ kẹ̀?"

Inú ọkọ̀ la sùn. Nígbà tí a fi máa dé Lomé, àbúrò ìyá mi ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Aládùúgbò tó tọ́jú rẹ̀ bi ìyá mi pé, "Ojú ọ̀nà ló ń wò títí o. Ṣé ọkọ̀ ò sí ni?" Ẹ̀gbọ́n wọn ni gbogbo èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó kó ẹbí wá.

Lóde òní, fóònù ló ń júwe ọ̀nà fún yín, kò sì sí àgbà tó lè ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì tààrà, mo ti gun ọ̀kadà, mo ti wọkọ̀ ojú omi. Lóṣù tó kọjá, mo kúrò nílé mi ní Adígbẹ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo wọ ọkọ̀ mẹ́fà, mo fẹsẹ̀ kọjá ibodè méjèèjì, mo sì dé Lomé kí wọ́n tó kírun alásárì. N kò yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó ń retí mi níbẹ̀.