Kókó Tí Gafar Kò Lè Tú

Ẹ bá mi kí Gafar, akọni tó ń fi kókó tọ́ ọmọ. Kó tó di Uncle nílé ìtọ́jú ọmọ kan ní Ikosi, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló ń dì lọ́jà Mile 12 fún ọdún mẹ́sàn-án. Apẹ̀rẹ̀ tó bá dì, bó já bọ́ látorí lọ́rì, tòmátì kan kò ní yọjú.

Mummy Helen ló ni ilé ọmọ náà, Magodo ló sì ti máa ń wá wò wọ́n, Sátidé sí Sátidé. Obìnrin náà kórìíra ẹgba.

"A kì í na ọmọ níbí o, Gafar. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ò fẹ́ rí àpá kankan. Just hold them down."

Àánú mà pọ̀ o! Wọn kò na ọmọ, wọ́n kàn ń fi aṣọ so wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni.

Labeebah, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń di irun fún gbogbo ọmọbìnrin ilé náà, kì í pẹ́ yọ ọwọ́ nínú aṣọ. Á sá jáde, á lọ wá ìyá rẹ̀ ní Ketu. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 2006, ó sú Gafar. Ó mú okùn ọjà, ó ta kókó ọjà, ó so ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe àlùwàlá, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ẹni Ọlọ́run!

Ruqoyah tó ń dáná fún wọn ló gbọ́ igbe. Ìka ọmọ ti wú, ó ti ń dúdú. Ruqoyah fi èékánná tú okùn, ó fi eyín tú u, kò tú. Bí ọmọ bá sì ti fà á, ṣe ló ń fún sí i. Ìgbà tí Gafar dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo kókó náà títí.

"Aunty Ruqoyah, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u o. Ní Mile 12, a kì í tú u. Ẹni tó bá rajà ló máa ń gé e."

Ọdún mẹ́sàn-án! Ruqoyah fi ìbínú mú ọ̀bẹ àlùbọ́sà, ó gé okùn náà.

Dókítà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Nígbà tí Mummy Helen dé, ó yẹ ẹ̀yìn ọmọ wò. Kò rí àpá ẹgba, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Gafar ṣa okùn rẹ̀ nílẹ̀. "Okùn tuntun nìyí, Aunty Ruqoyah. Ẹ ti bà á jẹ́."

"Okùn tó já ṣe é so," ni Ruqoyah wí. "Ìka ọmọ rèé, ọ̀gá kókó. Ó yá, bá wa so ìyẹn náà."

Labeebah jókòó síbẹ̀, ó fi òòyà sọ́wọ́ òsì, ó ń wo orí ọmọ kan tó fẹ́ kó di irun fún òun.