Ilé Tí Láyí Péńtà Kò Kùn

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ara í fu jù ní gbogbo Òkè Àdó, ẹ má wulẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ béèrè Láyí péńtà. Ọkùnrin náà kì í ra búrẹ́dì láì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí pásítọ̀ bá rẹ́rìn-ín sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, títí dé ilé ni yóò máa ro ohun tí pásítọ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wùnmí ìyàwó rẹ̀ ti ń fara dà á. Ó máa ń ní bí ọkọ òun bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ fi èékánná họ ẹnubodè ibẹ̀ wò bóyá wúrà ni lóòótọ́.

Àmọ́ ẹ má bú u jù. Ogójì ọdún ló ti ń kun ilé fún àwọn tó fẹ́ tà á. Ògiri tó sán, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dí i. Àjà tí òjò ń jò sí, ó mọ iye ìgbà tí ọ̀dà máa gorí ara wọn kí àbàwọ́n rẹ̀ tó pa rẹ́. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Bí Láyí bá rí ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, kì í wo ẹwà rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọ̀dà bò ló ń wá.

Ibi tí wọ́n wà ni ọ̀rọ̀ ilé rírà ká wọn mọ́. Ọmọ onílé wọn kọ̀wé láti òkè òkun pé òun ń bọ̀ wá gbé ilé bàbá òun, kí wọ́n kó jáde kó tó di ọdún Àjíǹde. Wùnmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú owó bẹ́ẹ̀ í wọlé láyé ẹni. Bí wọ́n bá fi kó sí ilé tí kò dára, ó parí nìyẹn, kò sí òmíràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí Láyí fi ń kọ ilé bí ọmọdé ṣe ń kọ àgbo. Ó kọ ti Ṣálẹ́ńjì pé igi àjà rẹ̀ ń rùn. Ó kọ ti Agbówó pé onílé náà ń yára sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí oṣù kejì fi máa wọlé, ó ku ilé méjì péré, ọ̀kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, èkejì ní Àkóbọ̀.

Ti Ọ̀jọ́ọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Kò jìnnà sí gáréèjì, ariwo àwọn awakọ̀ sì ń wọ yàrá wá. Wọ́n ti rẹ́ ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kùn ún rí, bó ṣe rí bí eérú ló ṣe dúró. Luke ló ni ín, àgbà káfíńtà kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tí Luke fi mú wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, tó fi ibi tí ògiri ti sán hàn wọ́n. Ó ní ó di ọdún méjìlá tó ti sán. Lọ́dọọdún lòun ń fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó parí sí, òun ń kọ ọjọ́ sí i, kò sì tíì kúrò lójú kan. Ó tún ní kí wọ́n má sọ pé òun ò sọ fún wọn o, kànga ilé náà máa ń gbẹ lóṣù kẹta.

Kàkà kí ọkàn Láyí balẹ̀, ńṣe ni ara tún ń fu ú sí i. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ bú ọjà rẹ̀? Bó bá lè sọ méjì, mélòó ló gbé mì? Ó tẹjú mọ́ àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, ó ní lójú tòun o, ọjọ́ kan náà ni Luke kọ gbogbo wọn. Wùnmí kò bá a jiyàn, nítorí òun náà kò fẹ́ràn ilé ọ̀hún.

Lọ́jọ́ kejì, Mùstàfá éjẹ́ǹtì gbé wọn lọ sí Àkóbọ̀. Ilé rèé! Ọ̀dà rẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, ilé ìdáná fẹ̀. Kaosarah tó ni ín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé omi tútù fún wọn, ó ní ọmọ òun ló ní kí òun wá máa bá a gbé ní Ìlọrin. Wùnmí ti ń fi ọwọ́ wọn ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè fi pa mọ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó fẹ́ rajà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láyí yí ilé náà ká. Lẹ́yìn ọgbà, ó rí koríko tó tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó bá padà wọlé, ó béèrè bóyá omi máa ń wọlé lásìkò òjò. Kaosarah wo ife ọwọ́ rẹ̀, ó ní omi kẹ̀, omi wo? Mùstàfá rẹ́rìn-ín pé Dádì ti tún bẹ̀rẹ̀.

Láyí kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ họ ògiri. Ọ̀dà òkè ṣí, funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, búlúù díẹ̀ sì wà nínú funfun náà. Ọwọ́ Láyí dúró. Búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun ni Láyí máa ń bù sí ọ̀dà àkọ́kùn kó lè mọ́ ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, nítorí ara ń fu ú pé wọ́n á jí i lò. Ní gbogbo Ìbàdàn, òun nìkan ló ń ṣe é.

Ó gbójú sókè, ó rí igi gúáfà lójú fèrèsé, ó wá rántí. Ọdún kẹsàn-án rèé, ìgbà òjò ni. Ẹni tó ni ilé náà nígbà náà ní obìnrin kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, kí Láyí bá òun tètè ṣe é. Ibi tí omi mu ògiri dé ga tó itan ènìyàn. Láyí ha èéhù kúrò, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ sílé lọ jẹun.

Kaosarah ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ilé yìí tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá," Láyí dáhùn. "Mi ò dé ibí rí."

Obìnrin náà wo ibi tó họ. "Péńtà tó kùn ún kí n tó rà á mọṣẹ́ o," ó ní. "Kò sí òjò tó rọ̀ tí mi ò rántí ẹ̀." Ó yí padà, ó jáde. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ lọ sí títì, Wùnmí ní òun máa sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láyí ní rárá. Wùnmí béèrè ìdí, Láyí ní ara ló ń fu òun, ìfura loògùn àgbà, páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn. Wùnmí ti gbọ́ ti páńsá àti àjà láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Bàbá Mofẹ́, ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lara ti ń fu yín," ó ní. "Lónìí, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, tàbí kí n sanwó."

Láyí ń dà á rò títí wọ́n fi délé. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, inú omi ni owó ìyàwó òun ń lọ. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ojú tí ìyàwó fi ń wo òun kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó jókòó tán, ó sọ ọ́.

"Èmi ni mo kùn ún."

Ó rò ó látòkè délẹ̀. Wùnmí kò pariwo. Ilé mélòó ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ohun tó béèrè nìyẹn, Láyí kò sì lè kà á. Ojú ti Láyí, ó wolẹ̀.

"Mo ti ń rò pé ayé lẹ mọ̀," Wùnmí ní. "Àṣé ara yín lẹ mọ̀."

Ilé Luke ni wọ́n rà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó débẹ̀, Láyí gbé garawa àti búrọ́ọ̀ṣì wá, Wùnmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀dà kankan kò ní kan ògiri òun. Ẹ̀ẹ̀rùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, ilé péńtà nìkan ni wọn ò kùn lójú títì yẹn. Àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kànga ń gbẹ lóṣù kẹta bí Luke ṣe wí. Ibi tó sán kò kúrò lójú kan, Wùnmí ló sì ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí i báyìí. Láyí ní òun ti padà lọ sí Àkóbọ̀ lọ jẹ́wọ́ fún Kaosarah. Wùnmí kò mọ̀ bóyá ó lọ lóòótọ́.

Bí Láyí bá ra búrẹ́dì wálé lónìí, kì í tẹ ìdí rẹ̀ mọ́. Wùnmí ló ń tẹ̀ ẹ́.