Pákó Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Etí-Kì-í-Parọ́

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti wọgbó tipẹ́. Etí-Kì-í-Parọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Gìtá ló ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Kó tó ra igi kankan, á gbé e sún mọ́ etí, á fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á di ojú, á wá mi orí bí dókítà tó fẹ́ sọ ìròyìn burúkú. Igi tó bá ti kọ̀, kí káfíńtà lọ fi ṣe àga.

Bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún oníbàárà nìyí: igi gidi kì í yára dàgbà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi ń dúró lójú kan, inú rẹ̀ á ki, ohùn tó bá wọ ibẹ̀ kò ní fẹ́ jáde mọ́. Àwọn tó ṣáájú wa ti gé e tán, ìjọba wá fòfin de ìyókù. Ohun tó bá wọ́n ló ń gbówó lórí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí a má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí o bá bi í léèrè ìdí tí owó gìtá onígi ọ̀wọ́n fi tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìkejì rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, á ní o ò létí. Á wá fọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ tí etí òun bá parọ́ fún òun, ọjọ́ náà lòun máa ju ìfági sílẹ̀, tí òun á lọ máa ta bọ́tìnnì.

Pákó kan ṣoṣo ló ní nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un, ó sì fi kúbùsù wé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kúbùsù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé nìyẹn. Nígbà òtútù, ìyàwó ń gbọ̀n, pákó ń gbádùn. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, á fà á jáde, á kàn án, á ní kí ìyàwó òun wá gbọ́ bó ṣe ń kọrin.

Aránṣọ ni ìyàwó náà, ó sì ní sùúrù. Ohun kan ló ń bẹ̀ ẹ́ sí: ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó ti já dé ìdajì, tí ẹni tó ń wẹ̀ fi ní láti máa fi ọwọ́ kan di aṣọ mú. Ọdún kan gbáko ló fi bẹ̀ ẹ́. Ọkọ ní òun kì í ṣe káfíńtà onílẹ̀kùn. Ó wá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, ó dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títúnṣe, wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún. Ó ní káfíńtà tí ìyàwó pè gbìyànjú fún ẹni tí kò létí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọdún méje kọjá kí ó tó gé pákó náà. Dókítà eléyín kan ló rọ̀ ọ́ títí pé kó fi ṣe gìtá fún òun. Bó ṣe ń fá a, òórùn dídùn ń jáde. Ó ní bí igi ọ̀wọ́n ṣe ń ta sánsán nìyẹn. Ihò kéékèèké méjì wà lára rẹ̀. Ó ní kòkòrò kan tí kì í jẹ igi tálákà ló ṣe é. Dókítà san owó ńlá, ó sì ń fi orin mẹ́ta tó mọ̀ dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lágara. Ọ̀kan nínú wọn, lọ́yà, ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀ gan-an, òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ilẹ̀ mọ́, Etí-Kì-í-Parọ́ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ń kàn án kí ìyàwó rẹ̀ lè tètè jáde, ó sì ń ráhùn pé irú igi yẹn ti tán láyé.

“Ó kù, olówó orí mi,” ìyàwó dáhùn láti inú. “Ọwọ́ yín wà lára rẹ̀.”

Ó wá sọ ọ́ láìfi ìkan pe méjì. Pákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni káfíńtà fi tún ilẹ̀kùn ṣe. Káfíńtà náà gé pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ ní ìwọ̀n kan náà, ó kùn ún títí ó fi dúdú bí ìkejì, ìyàwó sì fi kúbùsù wé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọṣẹ ìwẹ̀ ló ń ta sánsán. Ìṣó ló dá ihò sí i.

“Àràárọ̀ lẹ fi ń kan ti tòótọ́ láti ọdún méje,” ni ó wí. “Ṣé kò kọrin fún yín rí? Tó bá sì jẹ́ ti dókítà ni lọ́yà fẹ́, ẹ tú ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Igi kan náà ni pẹ̀lú ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àtijọ́.”

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó tún ilẹ̀kùn náà kàn, jẹ́jẹ́, ó sì tẹ́tí. Ó dún bí ilẹ̀kùn. Ó lọ kan ti ilé ìdáná, ó padà wá.

Nígbà tí lọ́yà máa fi dé, ìyàwó ti wẹ̀, ó ti múra. Ó ní kí àlejò jókòó, ọkọ òun ń yan igi lọ́wọ́. Ọkọ wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ó di ojú, ó ń kan èyí, ó ń kan tọ̀hún. Ìyàwó gbé àpótí bọ́tìnnì rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, níbi tí ọkọ ti máa rí i tó bá lajú.