Irin Àlàájì àti ojú obìnrin inú bíróòṣì mi

Pọ́n-ùn mẹ́ta nínú owó ilé ni mo fi ra bíróòṣì àtijọ́ kan, ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi há aṣọ láyà, lọ́wọ́ ìyàwó òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú wọn. Ṣílè méjì péré ló kù sí mi lọ́wọ́. Ojú obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sáàárín, wúrà ló yí i ká.

Lónìí, mo gbé e lọ fún Àlàájì alágbẹ̀dẹ wúrà ní àdúgbò Coal Camp kó díye lé e. Ló bá mú irin, ó fẹ́ yọ ojú náà dànù!

"Àlàájì, ẹ dáwọ́ dúró!"

"Ìyá Bọ̀dé, wúrà nìkan là ń wọ̀n. Ike lèyí."

Mo já a gbà, mo gbé e sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìn díẹ̀ bí inú ìkarahun. Ike kì í rí bẹ́ẹ̀; ìkarahun gidi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni! Àmọ́ irin ti ha imú obìnrin náà.

Àlàájì ní kí n san ṣílè méjì owó ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ̀n ọ́n.

Mi ò tíì san án. Ẹ̀yin ará, ṣé ó yẹ kí n san?