Wọ́n Pa Á Tì, Àmọ́ Oníǹkan Ò Kú

"Bàbá, ẹ má fọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Òkú ẹ̀ dà?"

"Mo ní mi ò ní."

"Ẹ máa lọ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, kò sí òkú, kò sí alààyè."

Àwòdì ni ládùúgbò ń pe oníṣọ́ọ̀bù yìí, torí ojú tó fi ń wo èèyàn. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, àmọ́ géèmù àtijọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀: àwọn tẹ́nikẹ́ni ò tà mọ́, tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, afẹ́fẹ́ lá dá yín lóhùn. Òfin ẹ̀ kan ṣoṣo ni: gbé díìsì tìẹ tó ti bàjẹ́ wá, ìyẹn òkú, kóun tó ṣe àdàkọ tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ. Lójú tiẹ̀, ẹni tó ti fowó rà á rí ò jalè.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tó ń tẹ̀wé fún lọ́yà, ò gbà. "Àbúrò, wọ́n pa á tì, wọn ò fi tọrẹ. Ilé tí onílé kó kúrò níbẹ̀, ṣé wàá tà á ni? Ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé, ẹnì kan á ti jogún ẹ̀. Pé wọn ò tíì wá ẹ wá, ọ̀lẹ ló kàn ń ṣe wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ ẹ́ nínú. Tí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Ló bá ń wo gbogbo oníbàárà bí ológbò ṣe ń wo ihò eku. Ìgbà yẹn ni bàbá tó wọ gíláàsì ojú yìí wọlé, tí bàtà ẹ̀ ń dán, tó ń béèrè géèmù ọkọ̀ ojú omi kan tẹ́nikẹ́ni ò rántí mọ́, tó tún ń bi í pé, "Ta ló fún ẹ láṣẹ?" Amí ni!

"Èmi ni mo ya àwòrán inú ẹ̀," bàbá náà wí.

"Ẹ̀ẹ́n! Èmi náà ni mo dá òkun."

Bàbá náà ò bínú. Ó fa àga, ó ní kí Àwòdì ṣí géèmù náà. Ó wa ọkọ̀ gba ẹ̀yìn erékùṣù kejì, ó kọ lu òkúta kan lẹ́ẹ̀mẹta. Òkúta là. Yàrá kékeré kan yọ, obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń ránṣọ.

"Ìyá mi nìyẹn. Àwọn ọ̀gá mi ò mọ̀ pé mo fi í síbẹ̀. Wọ́n ta géèmù náà fún ilé iṣẹ́ míì; àwọn yẹn ò tà á, wọn ò jẹ́ kẹ́lòmíì tà á. Èmi gan-an ò ní ẹyọ kan."

Ọdún mọ́kànlá tí Àwòdì ti ń gbá géèmù yẹn, kò rí yàrá yìí rí. Ojú tì í díẹ̀. Àmọ́ amí tó gbọ́n náà lè mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, àbí?

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ yà á, ẹ fún mi láṣẹ."

"Kì í ṣe tèmi mọ́, ọmọ mi. Àmọ́ mo mọ ẹnì kan lọ́dọ̀ àwọn tó rà á. Màá bá ẹ gba ìwé àṣẹ, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì."

"Kí lorúkọ onítọ̀hún?"

"Ṣáà dúró dọjọ́ Ẹtì."

Àwòdì ṣe àdàkọ náà láìrí òkú kankan, ó wo bàbá náà títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yọrí sínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwé àṣẹ tí bàbá yẹn jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ó ní òun ń mú un bọ̀."

"Ìwé ìpẹ̀jọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà ò tíì dé."