Ohùn Alhaja Suwebat Tó Ń Pẹ́ Dé

Wọ́n ní òkú kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n ní Ìkòsí. Wọ́n ní tó bá la ẹnu, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó bá panu dé tán, tó wá ń wò yín báyìí, ni ohùn ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa rìn dé ìdí ọkọ̀ tòmátò ní Mile 12, òkú ọ̀hún ti ń pe orúkọ èèyàn, ẹni tó bá sì dáhùn, etí ẹ̀ ọ̀tún á di. Alábàárù kan tiẹ̀ búra pé òun gbóòórùn káńfọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ ṣọ́ọ̀bù tó wà rí.

Ṣùkúrù ló ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kí i o, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí kámẹ́rà fídíò ti tóbi bí páálí ọṣẹ ló ti ń gbé e lé èjìká ọ̀tún kiri òde ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ, títí èjìká yẹn fi rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Tó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó rò pé ó fẹ́ yà sí kọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí gbogbo ayé wá di oníkámẹ́rà lórí fóònù, ó kó sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ń bá àwọn èèyàn kó fídíò orí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú fláàṣì. Kásẹ́ẹ̀tì á máa yí nínú ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà á máa gbà á sílẹ̀, òun náà á máa tòògbé. Oorun ọ̀hún kì í sì í dùn, nítorí ògiri kan ló wà láàárín òun àti Martha tó ń lọ ata, Martha tó tún jẹ́ rédíò àdúgbò.

"Ọ̀gá Ṣùkúrù! Mummy inú TV yẹn ti jí?"

"Martha, lọ ata ẹ."

"Mo kàn ní kí n bi yín ni. Tí wọ́n bá jí, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi o, abeg."

Òkú tí wọ́n ń wí ni Alhaja Suwebat, tó ta àlùbọ́sà ní Mile 12 títí ọlọ́jọ́ fi dé. Màríyámọ̀, àbígbẹ̀yìn ẹ̀, tó jókòó sí ìsọ̀ náà báyìí, ló gbé kásẹ́ẹ̀tì wá: fídíò ọjọ́ tí ìyá ti Mẹ́kà dé, tó jókòó sórí ẹní, tó ń ròyìn ìrìn àjò ẹ̀, tó wá ṣàdúà fún àwọn ọmọ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò síbòmíràn tí ohùn ìyá yẹn ṣẹ́kù sí. Ṣùkúrù kó o sínú fláàṣì, oorun ò jẹ́ kó wò ó délẹ̀, ó gbé e fún wọn.

Nílé, lójú gbogbo ẹbí, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dáa. Nígbà tó ṣe, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa parí, ìyá ti fọwọ́ pa ojú, ó ti dìde lórí ẹní, àdúà ṣì ń lọ. Junaid, àkọ́bí, fò dìde.

"Ẹ pa á! Màmá ò fẹ́ ká máa yọ àwọn lẹ́nu. Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ti panu dé ni? Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

Ó ní àfi kí òun sun kásẹ́ẹ̀tì yẹn àti fláàṣì ẹ̀, kí Ṣùkúrù sì nu ti inú kọ̀ǹpútà kúrò. Màríyámọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo tó rí gbà ni pé lẹ́yìn ìrun Jimọ̀, kí wọ́n jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹnu bá ṣì ń lọ lọ́tọ̀, tí ohùn ń lọ lọ́tọ̀, iná ni.

Báyìí ni iṣẹ́ tí Ṣùkúrù ti rò pé ó parí ṣe padà wá jókòó lé e lọ́rùn. Ó rò pé ohùn kàn gùn ju àwòrán lọ ni, ló bá fún gbogbo ohùn pọ̀ láti orí dé ìdí títí ó fi bá àwòrán dọ́gba. Ìbẹ̀rẹ̀ bára mu, ìparí bára mu. Láàárín ńkọ́? Ẹ̀rín ìyá ti ń dún, ẹnu ẹ̀ ò tíì ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún burú sí i," ni Màríyámọ̀ wí. "Tẹ́lẹ̀ wọ́n ń pẹ́ dé. Ní báyìí wọ́n ti ń ṣáájú ara wọn."

"Màríyámọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbórí lélẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ ò lè sùn o. Bọ̀dá Junaid ò sùn, wọ́n ti ń wá kẹrosíìnì."

Ìwà Alhaja Suwebat fúnra ẹ̀ ló wá gbà á. Ìyá yẹn ò lè sọ̀rọ̀ kó má pàtẹ́wọ́. Tí ẹnu bá yà á, pàá! Tó bá ń bú àwọn tó tì í ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Jẹ́dà, pàá! Ẹnu èèyàn lè tan ojú jẹ, àmọ́ ibi tí ọwọ́ méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ náà ló yẹ kí "pàá" ti dún. Ṣùkúrù dá ohùn padà sí bó ṣe wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ata á bú sí i létí, á káwọ́ gbera, á dúró kó dákẹ́, á gbọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á tún bú.

"Martha! Jọ̀ọ́!"

"Ó ku ti ẹnì kan, Ọ̀gá. Ẹ fi sùúrù sí i, ata Mummy yìí ò lè fọwọ́ lọ ara ẹ̀."

Ojú ẹ̀ pọ́n, ẹ̀yìn ń ro ó, èjìká ọ̀tún tún lọ sílẹ̀ sí i. Àmọ́ àtẹ́wọ́ fi ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ hàn án. Ohùn ò fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Á bá àwòrán rìn dáadáa, á já sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, á tún máa rìn. Gbogbo ibi tó bá sì ti já, ìlà funfun kan á ti kọ́kọ́ sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n bí òjò. Ṣùkúrù yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí ẹ̀, ó rọra ń fa téèpù wò. Ó kan ibi tó ti kájọ, tó rún bí etí ìwé ọmọ iléèwé. Ó fà á síwájú, ó tún kan òmíràn. Ó mí kanlẹ̀.

Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, ó la fídíò sí méjì, ó mú àwòrán tó kẹ́yìn, ó dá a dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, títí ọwọ́ ìyá fi bá ìró ẹ̀ pàdé. Ibi àdúà ló dá a lágara jù. Alhaja tẹ́wọ́ méjèèjì sókè, kò pàtẹ́wọ́ mọ́, ìlà funfun sì tún kọjá.

"Ẹ dúró de ikọ́," ni Màríyámọ̀ wí.

"Ikọ́ wo?"

"Eruku èèpo àlùbọ́sà. Wọn ò lè ṣàdúà parí láìhúkọ́. Ẹ máa wo àyà wọn."

Lóòótọ́, àyà ìyá mì. Ṣùkúrù wá ikọ́ náà nínú ohùn, ó rí i, ó fi èkíní ti èkejì.

Nígbà tí wọ́n kírun Jimọ̀ tán, Junaid dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò jókòó. Martha pa ẹ̀rọ ata láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó wá fi orí yọ. Ìyá ń ròyìn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń bú ará Jẹ́dà. Ó húkọ́. Ó ní, "Junaid, ìwọ tóo máa ń gbaná jẹ kóo tó béèrè ọ̀rọ̀, Ọlọ́run á fún ẹ ní ìfọ̀kànbalẹ̀."

"Àmín," ni Junaid wí, kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀. Martha náà ní "Amen o," ó ní kí wọ́n fi tòun kún un. Junaid wá àga, ó jókòó, ó wò ó títí ìyá fi fọwọ́ pa ojú, tí àdúà náà sì parí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kẹrosíìnì mọ́. Ó ní kí Màríyámọ̀ tọ́jú fláàṣì náà.

"Kí ló wá ń ṣe Màmá tẹ́lẹ̀?" ló bi Ṣùkúrù.

Ṣùkúrù ti gbórí lé tábìlì, ojú ẹ̀ ti ń pa dé. "Téèpù ló rún láwọn ibì kan," ló ní. "Kọ̀ǹpútà fo àwòrán ibẹ̀, kò fo ohùn."