Ohun Tí Ajá Bámiṣayé Mọ̀

Èmi àti Bámiṣayé ọdẹ jọ dàgbà ní Òwórò ni, kó tó wá kọ́lé sí Otokiti. Olórí kunkun ni. O lè bú oko rẹ̀, o lè bú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ láìdáa, kí o wá rí ìjà.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Bí Odò Ọya bá gbé èèyàn lọ, wọn a gbé e sí iwájú ọkọ̀ ojú omi. Ibi tó bá ti dọ̀bálẹ̀, tó ń sunkún lábẹ́nu, ibẹ̀ làwọn apẹja máa bẹ́ sí, wọn a sì gbé òkú náà jáde. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rù bà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní ọdún 1978, Rónkẹ́, ìyàwó Olúṣínà káfíńtà, dàwátì. Ìyá rẹ̀, Adéòkè, jókòó ti àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun ò ní lọ àfi tí òun bá rí ọmọ òun, láàyè tàbí lókùú. Sájẹ́ǹtì ránṣẹ́ pe Bámiṣayé. Tanímọ̀la wọ ilé Olúṣínà, ó kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ yàrá kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n de Olúṣínà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ká tó délé, ẹnu ayé ti dájọ́ ikú fún un.

Olúṣínà ń pariwo pé, "Bàbá mi ló wà níbẹ̀! Bámiṣayé, o mọ̀!"

Bámiṣayé mọ̀ lóòótọ́. Inú ilé làwa ń sin àgbà wa sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn ń yin ajá rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó pa ẹnu mọ́. Mo bínú sí i, mo sì sọ fún un pé bí wọ́n bá yẹgi fún ọmọ ọlọ́mọ, ọrùn rẹ̀ ló wà.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú sájẹ́ǹtì wá sílé ara rẹ̀, ó tú ajá sílẹ̀. Tanímọ̀la dọ̀bálẹ̀ sí yàrá tí ìyá Bámiṣayé sùn sí láti ọdún méjìlá.

Bámiṣayé ní, "Ẹ mú èmi náà. Ajá mọ òkú, kò mọ ẹni tó pa á. Ajá kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Wọ́n gbẹ́ yàrá Olúṣínà, eegun arúgbó ni wọ́n bá, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tú Olúṣínà sílẹ̀. Adéòkè dìde lórí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá, ó lọ sílé láìrí ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, èmi àti Bámiṣayé yà kí Olúṣínà ní ṣọ́ọ̀bù tó háyà lẹ́sẹ̀ òkè Patti. Ó ń fá pákó, ó ń kọrin. Tanímọ̀la rìn lọ sí ìdí àwọn pákó tó tò jọ, níbi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tuntun rẹ́ ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Orin Olúṣínà dá. Ó wo ajá, ó wò wá. Ó ní, "Ajá yín ti ń darúgbó, ẹ̀gbọ́n." Ó wá ń fá pákó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́.

Ta ló ń sin àgbà sí ṣọ́ọ̀bù àháyà? A gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ǹtì fa ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Bámiṣayé sí lọ́jọ́sí yọ, ó fi àmì ìka rẹ̀ hàn án.

Ó ní, "Baba, no be you talk say dog no be witness? Abi e fit be old grave?"

Ó lè jẹ́ sàréè àtijọ́ lóòótọ́. Bámiṣayé ò lè búra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ibẹ̀.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Adéòkè wá sí Otokiti. Ó ti rù kan egungun. Ó kúnlẹ̀ ti ajá, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó wá bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Bámiṣayé, ṣé ajá yìí ò tíì rí nǹkan kan?"

Bámiṣayé fa ajá náà sẹ́yìn. Ó ní, "Rárá, màmá."